Ọta Tí Kò Fẹ̀

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí àlejò kan tó wọ kóòtù nínú ooru yọ sí ahéré Ọdẹ́rìndé ọdẹ, tó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. Ara fu Ọdẹ́rìndé, torí kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá ọdẹ. Irú ọta wo lẹ yìn fún ẹfọ̀n láàárọ̀?"

Ta ló sọ fún un? Ẹfọ̀n ọ̀hún sá lọ ni, kò sì sẹ́ni tó wà níbẹ̀.

"Òjé ni." Ojú tì í láti sọ pé irin lásán lòun gé sínú ìbọn.

Àlejò gbọ́wọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọta irin kan lé e lọ́wọ́. Kò tẹ̀, kò fẹ̀, ó ṣì gbóná.

"Ká ní òjé ni," ó ní, "ì bá fẹ̀ síni nínú. Ǹ bá má lè rìn débí."