Ẹni Tí Wọ́n Ń Pàtẹ́wọ́ Fún

Kí ẹ̀kọ́ nípa irọ́ orí fóònù tó dé, kò sẹ́ni tó ń bá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ du ipò kìíní ní kíláàsì àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fún un lórúkọ yẹn, torí tó bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tán, onítọ̀hún á ṣì máa bi í pé ìgbà wo ló máa gún òun.

Ẹ̀kọ́ tuntun yìí ló da gbogbo rẹ̀ rú. Olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù wọn: "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jáwọ́ nínú oògùn, omi gbígbóná ti tó." Ó ní kí wọ́n wádìí bóyá òótọ́ ni. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ na fóònù jìnnà sójú, ó ń kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kíámọ́sá, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì í, ti nawọ́.

"Irọ́ ni. Ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀rọ tó ń se omi ló ń tà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ náà pàtẹ́wọ́, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ò kọjá eyín.

Yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé. Kíámọ́sá ló ń fọ aṣọ funfun àwọn méjèèjì, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun náà ló ń gbé báàgì Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dé kíláàsì. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dùn mọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Ní báyìí, ó dà bí ẹ̀sín lójú rẹ̀. Nígbà tí Kíámọ́sá ní kí àwọn jọ ka ẹ̀kọ́ náà, ó ní orí ń fọ́ òun, ó kọjú sí ògiri.

Ìròyìn wá dé pé wọ́n máa yan akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò máa kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe ń mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́ lórí fóònù. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa, iṣẹ́ ọsibítù ti ń dúró dè é. Orúkọ Kíámọ́sá ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gba ọ́fíìsì olùkọ́ lọ.

"Kíámọ́sá ò tíì gbọ́n tó o," ó ní. "Òun fúnra rẹ̀ gba irọ́ kan gbọ́ lóṣù tó kọjá, ó sì ń fi ránṣẹ́ kiri."

Òun Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gan-an ló fi í ránṣẹ́. Kíámọ́sá ló rí i, tó rọra bá a pa á rẹ́, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ó dá yín lójú?" olùkọ́ bi í.

"Ojú mi ló ṣe."

Olùkọ́ ní, "Màmá, Kíámọ́sá ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni, ó ní ẹ̀yin ni kí n gbé iṣẹ́ náà fún, torí pé oyún òun ló lé yín kúrò níléèwé nọ́ọ̀sì nígbà náà lọ́hùn-ún."