Aláìsàn Tó Ń Sanra

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, alágbàfọ̀ náà máa ń tọrọ àyè ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ láti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá rẹ̀ kì í kọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ owó ọjọ́ náà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń ṣe é lóore.

Ẹ̀gbọ́n yìí, tíṣà àwọn ọmọ kékeré, ló sọ fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn pé àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ lára òun. Wọ́n ti kápá rẹ̀, ó ní, ṣùgbọ́n òun yóò máa lo oògùn, òun yóò sì máa lọ fún àyẹ̀wò fún ọdún márùn-ún. Owó rẹ̀ ju agbára tíṣà lọ. Ó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní, ó yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyókù sì ń ti ọwọ́ àbúrò wá: ìdajì owó oṣù, kì í yẹ̀.

Àbúrò kò ráhùn. Jẹjẹrẹ yìí náà ló pa ìyá wọn. Ọjọ́ tí ìyá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu dókítà, ó kọjú sí ògiri, kò jẹun mọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n sin ín.

"Bó bá jẹ́ èmi ni," alágbàfọ̀ máa ń wí, "ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn. N ò ní da owó sódò."

Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n á ní kó panu mọ́. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ, òun ló kọ́ ọ ní ABD, òun ló sì sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ kókó kékeré kan lọ́yàn rẹ̀. Kò sí owó tí èèyàn lè fi du irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá dé ọsibítù, ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ wọlé tọ dókítà, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe àbúrò. Nọ́ọ̀sì á fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, torí òun ni yóò fún ẹ̀gbọ́n lẹ́jẹ̀ bí ọ̀ràn bá le. Dókítà á ní, níwọ̀n ìgbà tó ti dé, kí òun bá a wo ojú àpá rẹ̀. Bí wọ́n bá ń padà sílé, ẹ̀gbọ́n á kó oògùn fún un, hóró kan ní àràárọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa dára. Alágbàfọ̀ kò pa á jẹ rí.

Ìyá Oníáyọ́ọ̀nù ló gbin iyèméjì sí i lọ́kàn. Obìnrin yìí ló ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ wọn, ẹnu rẹ̀ sì gbóná ju áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Mo rí àǹtí ẹ lánàá," ó ní. "Kàkà kó rù, ṣe ló ń sanra."

"Ọlọ́run ló ń ṣe é."

"Irun orí ẹ̀ ńkọ́? Ó já rí?"

"Rárá."

"Ṣé o ti fojú ara ẹ rí i kó lo oògùn?"

Alágbàfọ̀ rò ó títí, kò rántí ọjọ́ kan.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," Ìyá Oníáyọ́ọ̀nù wí, ó sì yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì, alágbàfọ̀ dá lọ sí ọsibítù, sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba fáìlì. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń lọ síbẹ̀. Òun kò débẹ̀ rí. Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n. Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìwé ńlá kan, ó tún ní kó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kò sí aláìsàn wa tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Kò sí i rí."

"Láti ọdún méjì?"

"Kò sí. Ṣé orúkọ mìíràn wà tí ẹ fẹ́ kí n bá yín wò?"

"Rárá," ó ní. "Kò sí."

Ó bá ẹ̀gbọ́n ní kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, ó ń máàkì ìwé. Kò kí i.

"Àìsàn wo ló ń ṣe yín?"

Bírò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

"Mo ti dé ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Wọn ò mọ̀ yín. Ẹ fi àìsàn tó pa màmá wa gbowó lọ́wọ́ mi! Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu."

Ẹ̀gbọ́n pa ìwé tó ń máàkì dé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jọ ti tíṣà mọ́.

"Pè mí lólè, mo gbà. Màá dá gbogbo owó ẹ padà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Má sì fi oògùn ẹ sílẹ̀."

"Ta ni mo tún ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ dè?"

Ó fa oògùn náà yọ nínú báàgì, ó dà á sí gọ́tà iwájú ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n sáré tẹ̀lé e, ó ń pe orúkọ rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ikú ìyá wọn lọ, torí ìyá kò tàn án jẹ.

Ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ̀gbọ́n wá sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni Ìyá Oníáyọ́ọ̀nù sọ fún un pé ẹni tó ń wá kò sí níbẹ̀. Nígbà keje, ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Alágbàfọ̀ tì í bọ omi ọṣẹ láìṣí i.

Owó oṣù rẹ̀ wá ń pé. Ó fi ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, torí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fọṣọ látàárọ̀ dalẹ́, kí ni kò ní dùn ún? Ó fara dà á fún oṣù mẹ́wàá. Nígbà tí kò lè nàró mọ́, ó tọrọ àyè ọjọ́ kan, ọ̀gá yọ owó rẹ̀, ó sì rọra dá lọ sí ọsibítù.

Ó dárúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n lè ṣí fáìlì tuntun fún un, ṣùgbọ́n akọ̀wé ní fáìlì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta, ó sì gbé e síwájú rẹ̀, ó nípọn, jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nínú ìwé tó wà lókè pátápátá sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ọwọ́ tíṣà kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀, mo ti sọ fún un pé èmi ni."