Padàsílé, Ajá Ọ̀bọ

Ẹni tó ní òun gbọ́ gbogbo èdè, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun ni àlọ́ mi dá lé lórí.

Ọ̀bọ ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ó fa ajá rẹ̀ fún Àgùntàn aláàánú. Padàsílé lorúkọ ajá náà. Ohun tí wọ́n bá wí fún un ló ń ṣe. Àgùntàn bu oúnjẹ, ó pè é. Ajá dìde, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀bọ tí wọ́n ti tì pa.

Àgùntàn mú un wá, ó ké sí Odídẹrẹ́ onímọ̀ èdè. Odídẹrẹ́ kò bi ajá ní nǹkan kan. Ó ní, “Orin ìfẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi pè é.”

Padàsílé, ajá wa,
Jọ̀ọ́, padàsílé.
Oúnjẹ rẹ ti délẹ̀,
Jọ̀ọ́, padàsílé.

Ajá tún sá lọ. Wọ́n ń mú un bọ̀, wọ́n ń kọrin, ó ń lọ. Odídẹrẹ́ ní kí wọ́n gbé ohùn sókè sí i. Ajá rù kan egungun.

Níjọ́ tí ohùn Àgùntàn há, ajá ráyè jẹun tán. Ó ní, “Ìyá, ẹsẹ̀ ń ro mí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n dúró, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lé mi?”

Àgùntàn sọ ọ́ ní Dúró. Ajá ò kúrò mọ́.

Títí dòní, Odídẹrẹ́ ń sọ kiri pé orin òun ló mú ajá dúró.