Iná Ẹ̀gbà Ọwọ́ Ìbídùnní

Ìbídùnní gbé ọwọ́ lé tábìlì, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì tan iná àwọ̀ ewé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù kó yàn: ẹni tí yóò fi ohùn rẹ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nínú ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n òfin ò gbà kí ọ̀gá gba olólùfẹ́ rẹ̀ síṣẹ́. Bí ọkàn ọ̀gá bá sáré pẹ́nrẹ́n, iná ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n, wọ́n á sì lé olólùfẹ́ náà lọ sí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wọn ní òkè ọya.

“Akínlàjà ló kàn,” ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn lára ògiri wí.

Akínlàjà, àyànfẹ́ rẹ̀, wọlé, ó jókòó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. “Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Káàárọ̀. Kà á kí n gbọ́.”

Ó ń ka bí wọ́n ṣe ń fọ ojú egbò, ohùn náà sì ń wọ Ìbídùnní lára bí òróró. Kí iná má bàa pọ́n, kíá ni Ìbídùnní sá tọ ìkòkò ẹ̀wà tó jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ nílé lọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ń ha á, ó ń bomi sí i, ó tún ń ha á, títí Akínlàjà fi kà á tán.

Iná ò yí padà.

“A gbà á,” ni ẹ̀rọ wí.

Ìbídùnní gbójú sókè láti rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ọwọ́ obìnrin náà tí kò pọ́n ni Akínlàjà tẹjú mọ́.

“Ọkàn yín ò tiẹ̀ mì,” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìbídùnní fẹ́ sọ ti ìkòkò ẹ̀wà náà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì ń gbọ́.

“Ẹ ṣeun, mà,” ni Akínlàjà wí. Lọ́tẹ̀ yìí, “mà” náà kì í ṣe eré mọ́.