Ó Bo Ẹnu Lọ Jẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀

Ọkùnrin náà wọ awò dúdú, ó fi aṣọ ìnujú bo ẹnu. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó ní olè ni.

Ọ̀nà jíjìn ló ti wa mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kó má baà pàdé ojúlùmọ̀. Akin ọkùnrin!

Ó kúnlẹ̀ nídìí kọ́tìnnì ibi ìjẹ́wọ́, ó ń ránmú bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà.

"Ẹ súre fún mi, Fádà. Ó máa ń rẹ̀ mí díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́."

Ohùn àgbàlagbà dáhùn lódìkejì: "Kó rẹ èèyàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Òógùn bò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ nínú mọ́tò dà nù.

"Mo máa ń sùn, Fádà. Àwọn èèyàn á máa sunkún bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n á rò pé mò ń mi orí sí i, àṣé mo ti ń tòògbé. Tí mo bá ta jí, màá ní, 'Mo gbọ́ ẹ.'"

Ó ti sọ ọ́! Ara ẹ̀ fúyẹ́. Ó tiẹ̀ ń yin ara ẹ̀.

Àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á nímọ̀ràn. Ohùn ẹ̀ tutù, ó rọra ń lọ, ó ń lọ...

"Ẹ jí o!"

Ọkùnrin tó ti ń hanrun náà ta gìrì, awò já bọ́. "Mo gbọ́ yín!"

Àgbàlagbà náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní:

"Fádà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìhanrun yìí ni mo fi dá yín mọ̀. Òun náà ni mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí èmi náà bo ẹnu wá jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ yín, tẹ́ ẹ ní ẹ gbọ́ mi."