Ọkọ Olùkọ́ Kò Wọ Omi

Láti ọdún mọ́kànlá ni Lásúnkànmí ti máa ń gbé ìyàwó rẹ̀ wá sí ìjọ Adventist kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ní gbogbo Sátidé, ọjọ́ ìsinmi wọn, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta. Iṣẹ́ fọkanáísà ló ń ṣe ní Ṣàgámù Interchange. Sátidé gan-an ni táyà máa ń fọ́ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n Lásúnkànmí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn awakọ̀ máa ń bú u.

Ojúọlá, ìyàwó rẹ̀, ni olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Obìnrin yẹn mọ Bíbélì, ká má purọ́. Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n kó dé láti àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, ó dìde, ó to gbogbo ìlú tí Pọ́ọ̀lù kọjá nínú ìrìnàjò rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́sẹẹsẹ láìwo ìwé. Akọ̀wé ìjọ fẹ́ béèrè ìwé ọmọ ìjọ láti ìjọ tó ti wá.

Alàgbà Adébánjọ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ṣé irú èyí náà la ó máa béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀?"

Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi í ṣe olùkọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òun ló ń ṣe àkàrà aláìwú fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bí wọ́n bá sì ti ń pín in, òun á ti wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kí wọ́n má baà pariwo. Wọ́n ní obìnrin náà nírẹ̀lẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún, gbogbo ìjọ ló sì mọ̀: ọkọ rẹ̀ kò ṣe ìrìbọmi. Ó gbààwẹ̀ sí i, ó sunkún sí i. Alàgbà Adébánjọ lọ bá ọkùnrin náà lábẹ́ máńgòrò tó ìgbà mẹ́wàá.

"Lásúnkànmí, kí lo ń dúró dè gan-an?"

"Ẹ̀yìn ìyàwó mi ni mo wà, sà. Ẹni tó mọ̀nà ní í ṣíwájú."

Alàgbà á rẹ́rìn-ín, á ní ìyàwó lọkùnrin yìí fi ń bojú.

Lọ́dún yìí, dókítà ní wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún Lásúnkànmí lọ́kàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n mú. Wọn ò ṣèlérí pé á jí. Ìrìbọmi wà ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe ń se oúnjẹ Sátidé sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, Ojúọlá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Moyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Onítúbú ìlú Fílípì ò dúró dọjọ́ kejì. Òru ọjọ́ náà ló ṣe ìrìbọmi, òun àti gbogbo ará ilé rẹ̀."

"Mo gbọ́," Lásúnkànmí fèsì. "Òun àti gbogbo ará ilé rẹ̀."

"Ṣé ẹ ó wá?"

"Màá wá. Ìwọ ṣáà ni mò ń tẹ̀ lé."

Ojúọlá dìde, ó lọ ro ọbẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ́ kan Éfésù, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti bi àwọn ọmọ ẹ̀yìn kan léèrè irú ìrìbọmi tí wọ́n ṣe. Ojúọlá yára fò ó kọjá. Wọ́n mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ wọ inú omi. Ìjọ ń kọrin. Lásúnkànmí wá lóòótọ́, ó dúró sétí omi, kò sì kúrò lójú kan.

"Ẹ máa bọ̀, sà," pásítọ̀ wí. "Àbí omi ń bà yín lẹ́rù?"

"Rárá o. Mo ń dúró ni."

"Háà! Ọkùnrin yìí!" Alàgbà Adébánjọ figbe ta. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mà ni iṣẹ́ abẹ ọ̀hún!"

Lásúnkànmí ń wolẹ̀. Orin dákẹ́. Ojúọlá wo ọkọ rẹ̀, ó wo àwọn ènìyàn tó yí wọn ká.

Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e fún Moyọ̀sọ́lá ọmọ rẹ̀, ó sì sọ fún ìjọ tó ti ń kọ́ láti ọdún mọ́kànlá pé òun ò ṣe ìrìbọmi rí láyé òun, pé ojú ló ń ti òun láti sọ ọ́, pé ọkọ òun mọ̀, kò sì tú òun láṣìírí. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, Lásúnkànmí sì tẹ̀ lé e.