Ohùn Tuntun fún Iyùnadé

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé ohùn òkú kò gbọdọ̀ jáde nínú ẹ̀rọ kankan mọ́, ara Fúnwá bù máṣọ. Ọmọ rẹ̀, Iyùnadé, kì í sọ̀rọ̀. Àwòrán ló ń tẹ̀ lójú wàláà ẹ̀rọ rẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀, Ṣọlápé olóògbé, tí wọ́n gbà sínú rẹ̀, a sì bá a sọ ọ́.

Fúnwá mú ọmọ náà àti wàláà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yan ohùn tuntun fún ẹ̀rọ.

"Ẹ gbọ́ èyí, sà," ni akọ̀wé wí. "Ó dùn. Òun ni èmi fi ń bá ọkọ mi jà nílé."

"Ṣé kò sí èyí tó jọ ti ìyá rẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Dádì Iyùn. Èyí tó bá jọ ọ́, ẹ̀rọ ò ní gbà á."

Fúnwá mú ọ̀kan ṣáá. Iyùnadé tẹ àwòrán ìyá rẹ̀.

"Màmá," ni ohùn àjèjì náà wí.

Ọmọ náà yí wàláà padà, ó ń wá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bu omi sínú abọ́ Ṣọlápé. Oríkì ọmọ ni Ṣọlápé máa ń pè tó bá ń bọ́jú fún un. Fúnwá kò pè é rí. Ó ki ọwọ́ bọ omi.

"Àwẹ̀ró," ó pè é, ó sì rọra bọ́ ojú ọmọ náà.